Micra tí kò gba rìfáàsì lẹ́yìn tí wọ́n ti pààrọ̀ jíà rẹ̀

Ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ni Nissan Micra K11, ẹ́ńjìnnì 1.0, jíà máńúà oní-márùn-ún, ọ̀kan lára àwọn Micra tí wọ́n fi ń ṣe takisí káàkiri Ìbàdàn. Sunderland ní England ni Nissan ti ṣe irú rẹ̀ láti 1992 títí di 2002, nítorí náà èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú wọn ti lé ní ogún ọdún. Gbogbo jíà iwájú ń wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé jíà kìíní máa ń le díẹ̀ láàárọ̀. Rìfáàsì nìkan ni kò gbà. Tí awakọ̀ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, tó ti lífà sápá ọ̀tún, tó wá fà á sẹ́yìn, irin á máa ha irin, lífà á sì ta ọwọ́ rẹ̀ padà. Nínú páàkì tí ọkọ̀ ti fún mọ́ra wọn, àwọn èrò ló ń bá a ti ọkọ̀ sẹ́yìn.

Ẹjọ́ tí awakọ̀ náà rò fún wa kò gùn: "Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, jíà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà náà kò gba rìfáàsì."

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ti gbọ́ bí irin ṣe ń ha irin, ó ní eyín rìfáàsì ti jẹ tán. Wọ́n lọ ra jíà tòkunbọ̀ ní ọjà Àràròmí ní Gate, wọ́n sọ èyí tó wà lára ọkọ̀ kalẹ̀, wọ́n gbé èyí tí wọ́n rà wọlé. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, rìfáàsì ń wọlé. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá ra kébù kílọ́ọ̀ṣì tuntun. Ìyẹn gbé e fún bí oṣù mẹ́ta, àléébù náà tún padà. Láàárín kan náà, awakọ̀ ra bátìrì tuntun, torí pé ọkọ̀ kì í tètè sítáàtì mọ́. Kò sí ẹni tó rò ó pé ọ̀rọ̀ bátìrì àti ọ̀rọ̀ rìfáàsì lè so mọ́ra.

Ìtàn yìí nìkan ti sọ púpọ̀ kí á tó mú sípánà. Jíà méjì tó ti ara ọkọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá kì í sábà ní àléébù kan náà gan-an. Tí wọ́n bá pààrọ̀ jíà tí àìsàn náà kò bá a lọ, ara ohun tí wọn kò tíì pààrọ̀ ni àìsàn náà wà. Ọ̀sẹ̀ kan tí ó fi sàn náà ní ìtumọ̀: nígbà tí wọ́n ń gbé jíà wọlé, wọ́n ní láti tún kébù kílọ́ọ̀ṣì so, wọ́n sì fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ le sí i. Fífún kébù yẹn ló mú un sàn, kì í ṣe jíà.

Ìdánwò tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fi jíà sí ìkìíní, ìkejì, títí dé ìkarùn-ún, kí ẹ wá fi sí rìfáàsì. Nínú Micra yìí, gbogbo wọn wọlé wẹ́rẹ́, títí kan rìfáàsì. Ẹ wá sítáàtì ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tún un ṣe: rìfáàsì kọ̀, ó ń ké.

Nígbà míì, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì pípa, rìfáàsì lè má wọlé nígbà àkọ́kọ́ torí pé orí eyín pàdé orí eyín. Ìyẹn kì í ṣe àléébù. Ẹ ti ọkọ̀ síwájú díẹ̀, kí ẹ tún gbìyànjú.

Tí rìfáàsì bá ń wọlé nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, tó sì ń kọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ọ̀pá lífà dára, fọ́ọ̀kì inú jíà (irin tó ń ti jíà sí àyè rẹ̀) dára, eyín rìfáàsì ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó kù ni pé nǹkan kan ń yí nínú jíà ní àsìkò tó yẹ kó dúró. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, torí náà ó yẹ kí á dúró lé e lórí.

Ọ̀pá tó ń gba agbára wọ inú jíà wà lára pléètì kílọ́ọ̀ṣì. Tí a bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó yẹ kí pléètì yẹn já kúrò pátápátá láàárín fuláíwíìlì (àwo irin tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí) àti pressure plate (àwo onísípíríǹgì tó ń tẹ pléètì mọ́ fuláíwíìlì), kí ọ̀pá náà lè rọra dúró. Jíà iwájú kọ̀ọ̀kan ní òrùka sínkírò, tí wọ́n sábà máa ń fi bíráàsì ṣe. Iṣẹ́ òrùka yìí ni láti di ohun tó ń yí mú, kí eré rẹ̀ lè bá ti ìkejì rẹ̀ dọ́gba kí eyín tó wọnú ara wọn. Rìfáàsì jíà yìí kò ní sínkírò. Jíà kékeré kan ni wọ́n ń tì wọ àárín méjì mìíràn, eyín rẹ̀ tọ́ gbọọrọ, kò sì sí ohun tó ń dín eré kù fún un. Tí pléètì kílọ́ọ̀ṣì bá ṣì ń fara kan fuláíwíìlì, bó ti wù kó kéré mọ, ọ̀pá á máa yí. Sínkírò jíà iwájú á bá a jà, á borí, awakọ̀ kò sì ní mọ̀ ju pé jíà kìíní le díẹ̀ lọ. Rìfáàsì kò ní ohun tó lè fi jà. Òun ló ń kọ́kọ́ ké, òun ni wọ́n sì máa ń dá lẹ́bi.

Ìdánwò kejì ni ti dídúró. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́, ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, jíà wà ní nútírà. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ìsàlẹ̀, ẹ má tú u, ẹ kà á dé mẹ́wàá, ẹ wá fi rìfáàsì sí i. Tí kílọ́ọ̀ṣì bá dára, ọ̀pá á ti dúró kí ẹ tó ka márùn-ún, rìfáàsì á sì wọlé láìké. Awakọ̀ tó bá ń kánjú lè máa gbọ́ kí rìfáàsì ké lára ọkọ̀ tí kò ní àléébù kankan, ìdánwò yìí ló sì máa ń fi í hàn. Ti Micra yìí ké ní ìkíní, ó tún ké ní ìkẹwàá, ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ẹ́ńjìnnì ló ń yí ọ̀pá náà.

Kí iyèméjì lè kúrò, a gbé taya iwájú méjèèjì kúrò nílẹ̀. Jáàkì nìkan kò tó fún èyí: ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó lórí sítáńdì méjì, kí búréèkì ọwọ́ wà lókè, kí igi tàbí òkúta dí taya ẹ̀yìn méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró níwájú ọkọ̀. A fi jíà kìíní sí i pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì pípa, a tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, a sítáàtì rẹ̀. Ó yẹ kí taya dúró, tàbí kó kàn máa rọra yí kí búréèkì fífọwọ́kàn lásán dá a dúró. Ti ọkọ̀ yìí yí gidi, nígbà tí a sì tẹ búréèkì, ẹ́ńjìnnì fẹ́ kú. Kílọ́ọ̀ṣì kò já.

Láti pẹ́dà dé ara jíà

Micra K11 kò ní ọ́ìlì kílọ́ọ̀ṣì bíi ti ọ̀pọ̀ Toyota máńúà. Kébù ló ń fa apá kílọ́ọ̀ṣì tó yọ síta lára jíà. Èyí mú kí wíwá àléébù rọrùn, torí pé gbogbo ohun tó wà láàárín ẹsẹ̀ awakọ̀ àti apá yẹn ni ojú lè rí.

Ẹnì kan tẹ pẹ́dà, ẹnì kejì fi rúlà wọn bí orí apá náà ṣe rìn tó. Pẹ́dà lọ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, apá rìn 13 mìlímítà péré. Pẹ́dà náà wúwo, ó sì ń lọ́ra padà wá sókè. Ìrìn ẹsẹ̀ ń sọnù sí ọ̀nà. Ibi mẹ́ta ló lè sọnù sí: ibi tí wọ́n de pẹ́dà mọ́, tó bá ti sán, ògiri irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀, tí kébù gbà kọjá, tí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́ débi pé ó ń tẹ̀ nígbà tí a bá tẹ pẹ́dà, àti kébù fúnra rẹ̀. A fi tọ́ọ̀ṣì wo méjì àkọ́kọ́ nígbà tí ẹlòmíràn ń tẹ pẹ́dà. Kò sí èyí tó mì.

A wá yọ orí kébù kúrò lára apá. Ó yẹ kí okùn irin inú kébù máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ tí a bá fi ọwọ́ fà á. Ti ọkọ̀ yìí há, ó ń fà gìgìrì. Apá jíà fúnra rẹ̀, nígbà tí a fi irin gígùn tì í pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì pípa, lọ dáadáa, ó sì ta padà pẹ̀lú agbára. Ìyẹn fi hàn pé kò sí ohun tó há nínú, sípíríǹgì pressure plate sì ń ṣiṣẹ́. Kò sí ìdí láti sọ jíà kalẹ̀ nígbà kejì.

Ó kù díẹ̀ kí iṣẹ́ parí síbí: ra kébù mìíràn, fi sí i, gba owó. Ṣùgbọ́n kébù yìí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ. Nígbà tí a yọ ọ́ síta pátápátá, ike tó bò ó lára ti yọ́ níbi tó ti kan irin ara ọkọ̀ àti níbi tó ti kan àgbékọ́ rẹ̀ lára jíà. Ike inú rẹ̀ ti di ràkọ̀ràkọ̀, ó sì ti lẹ̀ mọ́ okùn irin, okùn tín-ín-rín mélòó kan sì ti já. Ẹsẹ̀ awakọ̀ kì í yọ́ ike. Ọ̀nà tí kébù gbà kò súnmọ́ sàléńsà. Ooru yìí ti inú kébù wá, iná bátìrì ló sì fà á.

Bí iná ṣe dé inú kébù

Sítáàtà wà lára jíà, wọ́n fi bóòtì dè é mọ́ ọn. Tí a bá yí kọ́kọ́rọ́, iná tó lè lé ní 100 ampere máa ń ti bátìrì wọ inú sítáàtà, ó sì gbọ́dọ̀ padà sí ẹsẹ̀ négétíìfù bátìrì. Waya áàtì tó so jíà mọ́ négétíìfù ni ọ̀nà ìpadà rẹ̀. Tí waya yẹn bá ti jẹrà, iná kò ní jókòó: bí àgbàrá tí wọ́n dí gọ́tà mọ́, yóò wá ibòmíràn gbà. Rọ́bà ni wọ́n fi gbé ẹ́ńjìnnì àti jíà sórí ara ọkọ̀, iná kò sì lè gba ara rọ́bà. Ohun tó kù tó so jíà mọ́ ara ọkọ̀ ni irin inú kébù: ti kílọ́ọ̀ṣì àti ti àkísílétọ̀. Kébù kílọ́ọ̀ṣì ló nípọn jù nínú wọn, òun ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù. Ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń sítáàtì, kébù á gbóná, ike inú rẹ̀ á rọ̀, á sì tún le padà ní ìrísí mìíràn. Takisí tí wọ́n ń pa tí wọ́n ń sítáàtì ní gbogbo ibi tí èrò ti ń sọ̀ kò ní pẹ́ jó kébù tán.

Mítà iná ló ń fi èyí múlẹ̀, kì í ṣe ojú. Ẹ yọ fíúsì pọ́ńpù epo tàbí waya tó lọ sí ohun tí ó ń pín iná sí pọ́lọ́ọ̀gì, kí ẹ́ńjìnnì má bàa gbiná. Ẹ fi mítà sí fóòtì DC, 20. Ẹ fi ẹnu dúdú kan orí négétíìfù bátìrì gan-an, kì í ṣe ìdè tó yí i ká. Ẹ fi ẹnu pupa kan irin jíà níbi tí ẹ ti ha dọ̀tí kúrò. Kí ẹnì kejì yí kọ́kọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí márùn-ún. Ní ọ̀nà áàtì tó dára, mítà kò yẹ kó ju 0.2 fóòtì sí 0.3 lọ. Tó bá ti lé ní 0.5, ẹ máa wá ibi tó ti bàjẹ́. Ti Micra yìí fi 1.6 hàn. A gbé ẹnu pupa lọ sí irin ara ọkọ̀, a tún yí kọ́kọ́rọ́: kò ju 0.3 lọ. Ọ̀nà ara ọkọ̀ dára, ọ̀nà jíà ti bàjẹ́, èyí sì bá ohun tí kébù jíjó ti sọ mu. Ìdí nìyẹn pẹ̀lú tí sítáàtà fi ń lọ́ra. Bátìrì àtijọ́ kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan.

Nígbà tí a la ike waya áàtì náà, ìyẹ̀fun àwọ̀ ewé ló kún inú rẹ̀, okùn kọ́pà díẹ̀ ló kù tó so mọ́ra. Láti òde, waya yẹn dà bí ohun tó ṣì lè pẹ́. Bóòtì tó dè é mọ́ jíà tún ti pẹtà, wọ́n sì dè é lé orí ọ̀dà nígbà tí wọ́n gbé jíà tòkunbọ̀ wọlé.

Àtúnṣe

Waya áàtì ni ká kọ́kọ́ ṣe, kébù ló tẹ̀lé e. Ẹni tó bá fi kébù tuntun sí i kó tó tún áàtì ṣe, tó wá ń sítáàtì ọkọ̀ láti dán an wò, ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

A tú négétíìfù bátìrì. A ge waya kọ́pà olókùn púpọ̀ tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ 25 mìlímítà onígun mẹ́rin, a fi irin ìdè tẹ orí rẹ̀ méjèèjì pinpin. Ẹ má kàn lọ́ waya mọ́ ìdí bóòtì, ibẹ̀ ni ìpẹtà á tún ti bẹ̀rẹ̀. A fi sáńpépà gbẹ́ ojú jíà àti ojú ara ọkọ̀ títí irin fi ń dán, a fún bóòtì pinpin, a wá fi gírísì bò ó lẹ́yìn tó ti le, kì í ṣe ṣáájú. Yàtọ̀ sí waya tó ti bátìrì lọ sí jíà, a fi òmíràn kún un láti ẹ́ńjìnnì sí ara ọkọ̀, kí ọ̀nà méjì wà. Nígbà tí a tún wọ̀n ọ́n, mítà fi 0.1 hàn, sítáàtà sì ń yí kíákíá.

Kébù tuntun gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà kan náà tí ti tẹ́lẹ̀ gbà, láìsí ibi tó ti ká jù, kí rọ́bà rẹ̀ sì jókòó dáadáa sínú ihò ògiri irin. A kò da ọ́ìlì sínú rẹ̀. Ike ni wọ́n fi tẹ́ inú irú kébù yìí, kò nílò ọ́ìlì, ọ́ìlì á sì máa kó eruku jọ. Gírísì díẹ̀ lórí ìkọ́ pẹ́dà àti lórí ibi tó ti so mọ́ apá ti tó. Lẹ́yìn tí a so ó, a tẹ pẹ́dà bí ìgbà ogún kó lè jókòó, ìgbà yẹn la tó yí nọ́ọ̀tì rẹ̀. A fi 12 mìlímítà sílẹ̀ lókè pẹ́dà: pẹ́dà gbọ́dọ̀ rìn tó bẹ́ẹ̀ kí agbára kílọ́ọ̀ṣì tó bẹ̀rẹ̀ sí í tako ẹsẹ̀. Láàárín 10 sí 15 ló dára. Fífún un jù bẹ́ẹ̀ lọ kí rìfáàsì lè wọlé, bí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀, á mú kí bẹ́rìn kílọ́ọ̀ṣì máa yí nígbà gbogbo, kí pléètì sì máa yọ̀ lórí òkè. Ní Ìbàdàn tí òkè pọ̀, pléètì yẹn kò ní pẹ́ jó. A fún nọ́ọ̀tì ìdè rẹ̀, a tún un wọ̀n: apá rìn 22 mìlímítà.

Nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí sítáńdì, a wo ọ́ìlì jíà. Wọ́n ti da 140 sí i, bóyá nítorí ariwo. Ọ́ìlì tó ki tó bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí sínkírò lọ́ra, pàápàá láàárọ̀, ó sì wà lára ohun tó ń mú jíà kìíní le. A ro ó dànù, a da 75W-90 (nọ́ńbà kíki ọ́ìlì) tó jẹ́ GL-4 (ẹ̀yà ọ́ìlì jíà) sí i títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sun jáde lẹ́nu ihò tí a ń gbà rọ ọ́, pẹ̀lú ọkọ̀ tó tẹ́jú, tí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ dọ́gba. Kẹ́míkà inú àwọn GL-5 kan kì í bá bíráàsì òrùka sínkírò rẹ́.

Ìdánwò dídúró wá yí padà: kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, ka mẹ́ta, rìfáàsì wọlé láìké. Taya tó wà lókè dúró pẹ̀lú jíà kìíní.

Tí èsì ìdánwò bá yàtọ̀

Tí rìfáàsì kò bá wọlé kódà nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, tí ẹ sì ti ti ọkọ̀ síwájú díẹ̀, ẹ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pá tó ti lífà lọ sí jíà ni kí ẹ wò, pàápàá rọ́bà àti ike oríkèé rẹ̀. Tí ìwọ̀nyẹn bá ti jẹ, lífà á rìn, jíà kò ní rìn tó. Ẹ tú ọ̀pá náà lára jíà, kí ẹ fi ọwọ́ yí ọ̀pá inú jíà sí rìfáàsì: tó bá wọlé níbẹ̀, àléébù wà lóde; tó bá kọ̀, ìgbà yẹn la tó ń sọ̀rọ̀ sísọ jíà kalẹ̀.

Tí kílọ́ọ̀ṣì bá jẹ́ ti ọ́ìlì, ẹ tẹ pẹ́dà lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra kíá kí ẹ tó fi rìfáàsì sí i. Tó bá wọlé báyìí, tó sì ń kọ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, afẹ́fẹ́ ti wọ ọ̀nà ọ́ìlì, tàbí rọ́bà inú sìlíńdà òkè (tó wà nídìí pẹ́dà) tàbí ti ìsàlẹ̀ (tó wà lára jíà) ti jẹ. Ẹ ṣí rọ́bà tó bo ẹnu sìlíńdà ìsàlẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó tutù. Ọ́ìlì búréèkì DOT 3 tàbí DOT 4 ni kí ẹ dà sí i. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì á wú rọ́bà rẹ̀, kò sì sí rọ́bà kan tó máa kù láìbàjẹ́ nínú rẹ̀.

Tí apá bá ń rìn dáadáa, tí kílọ́ọ̀ṣì kò sì já síbẹ̀, inú ni wàhálà wà: pléètì tó ti ṣẹ́ po, eyín àárín rẹ̀ tó gan mọ́ ọ̀pá, pléètì tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn nígbà tí wọ́n ń fi sí i, tàbí, lára ọkọ̀ tó ti dúró lójú kan fún oṣù púpọ̀, pléètì tí ìpẹtà lẹ̀ mọ́ fuláíwíìlì.

Jíà ọ́tòmátíìkì kò sí nínú gbogbo èyí. Ìwọ̀n àti àwọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ wò, àti bóyá kébù lífà ń gbé e dé R gan-an.

Ti Micra yìí, etí eyín rìfáàsì ti jẹ díẹ̀ láti oṣù tí wọ́n ti ń fi ipá wọ̀ ọ́, ariwo kékeré sì lè ṣẹ́ kù tí awakọ̀ bá kánjú. Kó dá ọkọ̀ dúró pátápátá, kó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kó fi jíà ìkejì sí i kó tó fi rìfáàsì sí i: sínkírò ìkejì á dá ọ̀pá dúró fún un. Kébù tuntun máa ń fà díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, nítorí náà kó padà wá lẹ́yìn 500 kìlómítà kí á tún 12 mìlímítà yẹn wọ̀n, kí á sì tún fi mítà kan waya áàtì.